Ìmọ́lẹ̀ fún Fídíò Nínú Ilé: Bí A Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Pẹ̀lú Owó Kékeré



Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe nínú yàrá, pàápàá láti ọdún 2020 tí àrùn kòrónà mú kí wọ́n ti ilé kéú àti ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn àáfà wa ń kọ́ ọmọdé ní Kùránì lórí fóònù. Àwọn ìyá wa tó ń ránṣọ ń ṣe fídíò iṣẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé tiwọn sórí YouTube. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré, nítorí owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ọmọ ti ń tibẹ̀ wá. Nígbà tí a sì wo ọ̀pọ̀ nínú àwọn fídíò wọ̀nyí, a rí i pé òkùnkùn ló ń bà wọ́n jẹ́ ju ohunkóhun lọ.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ méjì. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ya fídíò léèsì aláwọ̀ wáìnì lábẹ́ gílóòbù àjà tó ń tàn pupa. Nínú fídíò, léèsì náà di àwọ̀ ilẹ̀. Oníbàárà tó wà ní Ìlọrin sanwó àwọ̀ ilẹ̀ tó rí, wáìnì ni wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dá a padà, owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ sì bọ́ sí ìyá náà lọ́rùn. Bí irú ọjà bẹ́ẹ̀ bá di méjì tàbí mẹ́ta, èrè oṣù ti lọ nìyẹn.

Àpẹẹrẹ kejì kan àwọn àáfà. Èdè Yorùbá kò ní ìró ث. Ọmọ Yorùbá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a pàdé, س ni yóò máa pè é. Ohun tó máa ń là á lójú ni kí ó rí orí ahọ́n olùkọ́ rẹ̀ tó yọ díẹ̀ láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ń pe س. Bákan náà ni ذ àti ظ. Bí òjìji bá wá bo ẹnu àáfà, tí irùngbọ̀n àti ètè di ohun kan náà nínú fídíò, etí nìkan ni ọmọ yóò fi kọ́ ohun tí ojú ì bá ràn án lọ́wọ́ láti mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lẹ́tà kan tó yí padà lè yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà.

Ohun tí púpọ̀ máa ń sọ ni pé àwọn yóò ra fóònù tuntun. A kò fara mọ́ ọn kí ẹ kọ́kọ́ náwó sí ibẹ̀. Ibi tí fóònù ti ń gba ìmọ́lẹ̀, lẹ́yìn gíláàsì kámẹ́rà, kò ju èékánná ìka lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, fóònù yóò máa sọ ìwọ̀nba tó rí di ńlá, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá yí rédíò tí kò mú ilé iṣẹ́ dáadáa sókè: ariwo á bá ọ̀rọ̀ lọ sókè. Ohun tó dà bí iyanrìn tó ń jó lójú fídíò, ariwo yẹn ni. Fóònù yóò tún máa la ojú pẹ́ lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan kí ó tó rí nǹkan kó jọ, nítorí náà ọwọ́ tó bá mì díẹ̀ á dà bí èéfín. Fóònù olówó ńlá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn, àfi pé tirẹ̀ kéré díẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù tí kò wọ́n, bí ìmọ́lẹ̀ bá tó o, fídíò rẹ̀ á mọ́ kedere.

Ẹni tó jókòó ní ilé kéú kò gbọdọ̀ ka èyí sí ìmọ̀ àjèjì. Al-Hasan ibn al-Haytham, ọmọ ìlú Basra, tó kọ Kitāb al-Manāẓir ní Ijíbítì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, fi àdánwò hàn pé ìmọ́lẹ̀ tó ti ara nǹkan wá bá ojú ni a fi ń ríran, pé ojú kì í rán nǹkan jáde lọ bá ohun tó ń wò bí àwọn kan ti gbà ṣáájú rẹ̀. Yàrá òkùnkùn tí a dá ihò kékeré sí wà lára ohun tó fi ṣe àdánwò. Kámẹ́rà fóònù, yàrá òkùnkùn oníhò ni òun náà. Ohun tí a bá jẹ́ kí ó wọ inú ihò yẹn ni yóò fún wa padà.

Nítorí náà, fèrèsé ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Òfẹ́ ni, kò sì sí iná tí a lè fi owó kékeré rà tó dára tó o. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ènìyàn kẹ́yìn sí fèrèsé. Fóònù á rí ìmọ́lẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn yẹn, á dín ohun gbogbo kù nítorí rẹ̀, ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á sì di èédú. Ẹ kọjú sí fèrèsé, kí fóònù wà níwájú yín, kí òun ni yóò kẹ́yìn sí fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ẹ yí àga díẹ̀. Bí a bá ka ibi tí fóònù wà sí aago méjìlá, ẹ jẹ́ kí fèrèsé bọ́ sí àárín aago mẹ́wàá àti mọ́kànlá, tàbí àárín aago kan àti méjì. Ẹ̀gbẹ́ kan ojú á mọ́ ju èkejì lọ díẹ̀, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ, ètè á hàn. Bí fèrèsé bá wà ní ẹ̀gbẹ́ pátápátá, ìdajì ojú ni yóò sọnù.

Nínú ìwé àwọn òyìnbó, wọ́n máa ń ní kí a wá fèrèsé tó kọjú sí àríwá, nítorí oòrùn kì í gba ibẹ̀ wọlé. Òótọ́ ni ní ìlú tiwọn, àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, tí kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, oòrùn ọ̀sán máa ń gba ìhà àríwá orí wa kọjá láti oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, á sì gba ìhà gúúsù ní àwọn oṣù yòókù. Ìlànà tiwa rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní òwúrọ̀, ẹ lo fèrèsé ìwọ̀-oòrùn, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ẹ lo ti ìlà-oòrùn. Ojú ọ̀run ló ń tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀ nígbà náà, oòrùn fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ ibi tó ń kọjú sí kírun nínú yàrá rẹ̀ ti mọ ìhà ìlà-oòrùn, nítorí láti ilẹ̀ Yorùbá, gábàsì wa wà ní ìhà ìlà-oòrùn, pẹ̀lú àríwá díẹ̀. Bí kò bá sí fèrèsé mìíràn ju èyí tí oòrùn ń gbà wọlé, ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà á tàn ká gbogbo aṣọ, kò ní gún ojú mọ́.

Funfun ni a wí o. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gbé àwọ̀ ohun tó bá kàn dání. Yàrá tí a kun ní ọ̀dà ewé, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ràn, máa ń da àwọ̀ ewé sí ojú ènìyàn. Kọ́tìnnì pupa á sọ ojú di pupa. Bí ògiri bá súnmọ́ yín tó sì ní àwọ̀, ẹ gbé àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ ta bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun bò ó.

Ẹ̀gbẹ́ ojú tó ṣókùnkùn kò nílò iná kejì. Páálí funfun ńlá kan, tàbí ìdérí kúlà fóòmù tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò, tí a bá gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, tí kò sì jìnnà ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ, á dá lára ìmọ́lẹ̀ fèrèsé padà sójú. Ẹ sún un mọ́ ọn, ẹ sún un sẹ́yìn, ẹ ó rí i bí òjìji ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀. Fóìlì tí a fi ń bo oúnjẹ náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n tirẹ̀ le, ó sì máa ń mú kí ojú máa dán gbinrin. A fẹ́ràn páálí.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó kàn wá ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ: àwa tí awọ ara wa dúdú, tí a sì fẹ́ràn aṣọ funfun. Kámẹ́rà máa ń fẹ́ kí gbogbo àwòrán wà ní àárín funfun àti dúdú. Bí jalabíà funfun, fìlà funfun àti ògiri funfun bá kún inú àwòrán, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú á sì ṣókùnkùn. Hìjáàbù funfun ń ṣe irú rẹ̀. Kì í ṣe òní ni nǹkan wọ̀nyí ti ń gbàgbé wa. Nígbà ayé fíìmù, káàdì tí ilé iṣẹ́ Kodak ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò láti fi ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe èyí tó ní aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú. Àwọn fóònù òde òní ti gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń wá ojú ènìyàn nínú àwòrán, síbẹ̀ ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tí ẹ ń yà lórí gíláàsì fóònù. Ojú náà á mọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ kò tètè gbé ìka, á dúró bẹ́ẹ̀, kò ní máa yí padà bí ẹ ti ń mira. Bí aṣọ bá ṣì ń fún yín ní wàhálà, ẹ wọ èyí tó ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ọ̀run.

Awọ dúdú tún máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí níbi tó bá ní òógùn tàbí òróró. Gílóòbù kékeré tó mú gan-an á fi àmì funfun kan sí iwájú orí àti imú. Ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀, bíi ti fèrèsé, á tàn jẹ́jẹ́ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á sì yẹ awọ wa púpọ̀. Ẹ mú áńkáṣíìfù lọ́wọ́ fún òógùn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ púpọ̀ nínú wa di ẹ̀yìn Mọ̀gàríbì kí a tó ráyè fún fídíò, fèrèsé á sì ti ṣú. Gílóòbù tó wà ní àjà kò dára tó fún iṣẹ́ yìí. Òkè ló ti ń tàn wá, ó ń fi òjìji sí ihò ojú, sí abẹ́ imú, àti sí abẹ́ etí fìlà. Ẹ ra ìdí gílóòbù tó ní wáyà gígùn àti swíìṣì, tàbí kí ẹ lo iná orí tábìlì tí ọmọ fi ń kàwé, kí ẹ fi gílóòbù LED wáàtì 9 sí 12 sí i. Ẹ gbé e sí iwájú díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ó ga ju orí yín lọ díẹ̀, ní ibi kan náà tí fèrèsé ì bá wà.

Kí ẹ tó sọ pé gílóòbù kan kò tó, ẹ kọ́kọ́ sún un mọ́ yín. Gílóòbù tó wà ní mítà 2 sí ojú, bí a bá sún un dé mítà 1, ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé ojú á di ìlọ́po 4. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìlọ́po 2 ni. Ẹni tó mọ èyí ti fi owó gílóòbù mẹ́ta pamọ́.

Bí ó bá sì ń gún ojú, ẹ mú kí ó fẹ̀. Ẹ kọ gílóòbù náà sí ògiri funfun tàbí páálí funfun ńlá, kí ìmọ́lẹ̀ kàn án kí ó tó padà sọ́dọ̀ yín. Ìmọ́lẹ̀ á dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo páálí náà ti di fèrèsé. Ẹ tún lè na aṣọ funfun sórí okùn láàárín gílóòbù àti ara yín, kí aṣọ náà jìnnà dáadáa sí gílóòbù.

Níbí a fẹ́ sọ̀rọ̀ tagbára-tagbára. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi aṣọ, ọ̀rá tàbí ìwé wé gílóòbù. Àwọn iná halogen onígbọ̀nlé tí àwọn kan ń rà ní alòkù, tí òmíràn nínú wọn tó wáàtì 500, ń gbóná débi pé kọ́tìnnì tó bá kàn wọ́n lè gbiná. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ilé kíkọ́, LED ni kí ẹ rà. Ẹ lẹ wáyà mọ́lẹ̀ níbi tí ọmọdé ń gbà kọjá. Bí kò bá sì sí iná ìjọba, ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹnu fèrèsé nítorí kí wáyà lè dé; èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láì ní òórùn tó ń kìlọ̀. Iná tó ń gba agbára láti ara power bank tàbí iná tí a ń sá-jì sàn jù, kò tilẹ̀ ní ariwo tí yóò bo ohùn yín.

Ẹ ka ara páálí gílóòbù kí ẹ tó sanwó. Nọ́ḿbà tó ní K lẹ́yìn ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. 2700K tàbí 3000K ń tàn pupa bí iná àtùpà. 6500K funfun, ó fara jọ ti ojúmọmọ. Èyíkéyìí nínú wọn lè ṣiṣẹ́, ohun tí kò dára ni kí a da méjèèjì pọ̀. Bí pupa bá ń tàn lókè tí funfun ń tàn níwájú, fóònù kò ní mọ èyí tí yóò fi ṣe òṣùwọ̀n, ojú á ní àwọ̀ méjì. Ẹ pa iná àjà. Ẹni tó bá ń lo fèrèsé àti gílóòbù pọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, kí gílóòbù rẹ̀ jẹ́ funfun.

Nọ́ḿbà kejì ṣe pàtàkì fún àwọn aláṣọ: CRI, tàbí Ra. Ó ń sọ bí gílóòbù ṣe lè fi àwọ̀ hàn bí oòrùn ti ń fi í hàn, 100 sì ni òkè rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ọjà jẹ́ 80. Bí ẹ bá rí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ san owó díẹ̀ tí wọ́n bá fi lé e, nítorí àwọ̀ pupa ni àwọn tí nọ́ḿbà wọn kéré ń pa lára jù, léèsì wáìnì tí a mẹ́nu bà lókè sì wà nínú ìdílé yẹn. Ẹni tó ń kọ́ni ní Kùránì nìkan lè ra 80, kò burú.

Àwọn gílóòbù kan wà tí ojú wa kò rí àléébù wọn, àfi kámẹ́rà. Iná mànàmáná ní Nàìjíríà ń lọ tó sì ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù tí wọn kò ṣe dáadáa á sì máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Nínú fídíò, ìlà dúdú á máa rìn gba ojú àwòrán kọjá. Ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ ọ́ sí gílóòbù tó ń tàn. Bí ìlà bá ń rìn, ẹ dá a padà fún oníṣọ́ọ̀bù. Àwọn fóònù kan ní ibi tí a ti ń yan 50 tàbí 60 sínú ètò kámẹ́rà wọn. 50 ni tiwa àti ti Bìrìtìkó, 60 ni ti Amẹ́ríkà.

Iná olóbìírí tí wọ́n ń pè ní ring light ńkọ́? A kò lòdì sí i. Ó dára fún ẹni tó dá nìkan jókòó, tí yàrá rẹ̀ há, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lo agbára power bank. Àwọn kékeré tó ń fi ara kọ́ fóònù kò wúlò tó owó wọn, nítorí wọn kò fẹ̀. Ẹni tó ń lo awò ojú, ẹ ṣọ́ra: òbìrípo funfun méjì á wà lójú awò yín láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ẹ gbé iná náà ga sókè, ẹ sún un sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì tẹ imú awò náà sílẹ̀ díẹ̀. Bákan náà, iná mẹ́ta tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń lò, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan láti dín òjìji kù, ọ̀kan lẹ́yìn láti ya orí sọ́tọ̀ kúrò lára ògiri, kì í ṣe ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Páálí yín ti ṣe iṣẹ́ èkejì. Bí ẹ bá fà sẹ́yìn kúrò lára ògiri ní nǹkan bí mítà kan àbọ̀, òjìji yín kò ní lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máà nílò ẹ̀kẹta.

Kí àwọn aláṣọ tó fi fídíò ránṣẹ́, ẹ gbé bébà funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ, kí ẹ ya ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ fi í sí fóònù ẹlòmíràn nínú ilé, nítorí fóònù ń yàtọ̀ síra. Ẹ gbé fóònù yẹn àti aṣọ náà lọ sí ẹnu ọ̀nà ní ojúmọmọ, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí bébà bá funfun nínú fídíò, tí aṣọ ọwọ́ yín sì jọ ti inú rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́. Bí bébà bá pupa tàbí ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ẹ padà lọ wo gílóòbù àti ògiri kí oníbàárà tó sanwó. Kí àwọn àáfà ní tiwọn pe ث àti س ní ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta níwájú fóònù, kí wọ́n pa ohùn rẹ̀, kí wọ́n sì ní kí ọmọ kan wò ó, kí ó sọ èyí tí wọ́n ń pè.